Ọ̀wọ̀ Orí àti Ihò Inú Agbárí

Ní ọdún 1977, ní ìlú Gothenburg lórílẹ̀-èdè Sweden, dókítà Anders Tjellström àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dá ihò kékeré lu sí eegun ẹ̀yìn etí àwọn aláìsàn mẹ́ta. Wọ́n fi ìṣó títáníọ́mù sínú ihò náà, irú ìṣó tí a ń yí wọlé dípò kí a kàn án wọlé. Wọn ò fọwọ́ kan inú etí rárá. Nígbà tí eegun ti di ìṣó náà mú ṣinṣin, wọ́n so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ orí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń gba ohùn láti ìta, ó ń sọ ọ́ di ìgbọ̀nrìrì, agbárí sì ń gbé ìgbọ̀nrìrì yẹn lọ sínú etí inú lọ́hùn-ún. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ abẹ yìí ti tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ nípa rẹ̀, kó tó béèrè iye tí wọ́n ń gbà, ó ṣeé ṣe kí ìbéèrè mìíràn ti gbé e lọ́kàn: ṣé orí ni wọ́n wá ń lu báyìí? Orí tí à ń bọ, tí à ń kí láàárọ̀, tí a kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé gbá, òun ni wọ́n fẹ́ ki ẹ̀rọ ìlu bọ̀? Ìbéèrè aláìmọ̀kan kọ́ nìyẹn, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ tì. Èrò tèmi ni pé kò sí ohun tó sọ orí di ohun àìgbọdọ̀fọwọ́kàn. Bí a ṣe fọwọ́ kàn án ni ọ̀wọ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni àfojúdi wà. Ẹ̀rí tó lágbára jù fún ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìtàn iṣẹ́ abẹ náà gan-an, nínú bí àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣe lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó mọ̀ pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gé dànù kò yẹ ní gígé.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ọ̀nà méjì ni ohùn ń gbà dé etí inú. Ọ̀nà kan ni afẹ́fẹ́: ohùn á wọ ihò etí, á kan awọ ìlù etí, eegun wẹ́wẹ́ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn awọ yẹn á sì gbé e dé inú omi etí inú. Ọ̀nà kejì ni eegun: agbárí fúnra rẹ̀ á máa gbọ̀n, omi náà á sì máa bá a gbọ̀n. Ìdí nìyí tí ohùn ẹni tí a gbà sórí fóònù fi máa ń ṣàjèjì sí ẹni tó ni ín. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa gbọ́ ara rẹ̀ láti inú eegun wá. Ní ọdún 1932, Georg von Békésy, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1961, rán ohùn kan náà gba ọ̀nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń tún un ṣe títí ọ̀kan fi pa èkejì rẹ́, tí ẹni tó ń gbọ́ kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́. Wọn ò lè pa ara wọn rẹ́ bẹ́ẹ̀ àfi bó bá jẹ́ ibì kan náà ni wọ́n ń dé, tí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó ń fi eegun gbọ́ràn kò gbọ́ ayédèrú ohùn. Ọmọ tí wọ́n bí láìní ihò etí, àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ti ń ṣọyún láti kékeré débi pé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n ń ki bọ etí kò ṣeé lò fún un, ẹni tí etí rẹ̀ kan ti kú pátápátá tí èkejì ṣì ń gbọ́ kedere: àwọn ni iṣẹ́ abẹ yìí wà fún. Ti ẹni kẹta yìí, ńṣe ni ohùn tó wá láti ẹ̀gbẹ́ etí tó kú máa ń gba agbárí kọjá sọ́dọ̀ etí tó yè. Ẹni tí etí inú rẹ̀ méjèèjì ti kú kò ní rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí ó kan àríyànjiyàn wa: ìgbọ́ràn ti wà lára ẹni náà tẹ́lẹ̀, ọ̀nà ló dí.

Àtakò tó sábà máa ń ṣíwájú ni ti Ẹlẹ́dàá. Bí Ọbàtálá bá mọ ọmọ kan láìní ihò etí, ẹni òrìṣà nìyẹn. Kí ló kan dókítà níbẹ̀? Àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi náà ní irú ọ̀rọ̀ yìí: nínú ìwé Ẹ́kísódù, Ọlọ́run bi Mósè bóyá kì í ṣe Òun ló ń dá odi àti adití. Ó dà bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo àwọn ìtàn náà dáadáa. Ìtàn tí wọ́n ń pa nípa Ọbàtálá kò sọ pé ó jókòó, ó rò ó, ó sì wù ú kí ẹnì kan má gbọ́ràn. Ohun tó sọ ni pé ẹmu ló pa á, tí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣì, àbámọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ débi tí ẹmu fi di èèwọ̀ fún òun àti àwọn tó ń sìn ín. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ká má fi ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọwọ́ kan náà ló mọ òun àti àwa. N kò rí ibi tó ti pa á láṣẹ pé kí àṣìṣe máa wà títí ayé. Ti Mósè náà ńkọ́? Ahọ́n rẹ̀ tó wúwo ló fi ń ṣe àwáwí. Ọlọ́run tó ní Òun ló ń dá odi náà ló fi Áárónì ṣe agbẹnusọ fún un kí ọjọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tó parí. Nínú ìhìnrere Máàkù, nígbà tí wọ́n mú adití kan wá sọ́dọ̀ Jésù ní agbègbè Dekapólì, Jésù fà á kúrò láàárín èrò, ó ti ìka bọ etí rẹ̀ méjèèjì, ó tutọ́, ó sì fọwọ́ kan ahọ́n rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ lásán láti òkèèrè. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ hádíìsì tí Ànábì ti ní kí àwọn èèyàn máa wá ìwòsàn, nítorí Ọlọ́run kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà láàárín wa gbà pé ènìyàn lè fọwọ́ tún ara ṣe. Àtakò ti Ẹlẹ́dàá kò tó láti dá abẹ dúró.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ú lọ ni ti Orí. Ẹni tó bá mọ Odù Ifá Ogbègúndá mọ ìtàn Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, àwọn mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá kí wọ́n tó wá sáyé. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú, wọ́n gbé orí tó tóbi tó sì dára lójú, láìmọ̀ pé kò jiná. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà, orí náà sì ń hó dànù. (Àjàlá tó mọ orí yìí, gbèsè ló ń sá fún nínú àjà nígbà tí Afùwàpẹ́ dé, Ifá kò bò ó mọ́lẹ̀ pé oníṣẹ́ ọwọ́ ọ̀run náà ní àléébù tirẹ̀.) Àlàyé tí àwọn onímọ̀ Ifá máa ń ṣe lórí rẹ̀ ni pé ẹni tí orí rẹ̀ ti hó, gbogbo èrè iṣẹ́ rẹ̀ láyé ni yóò máa fi tún un ṣe. Èyí ṣe pàtàkì. Ìtàn tó jẹ́ òpó ìgbàgbọ́ wa nípa àyànmọ́ gbà pé orí lè ní ìbàjẹ́, ó gbà pé a lè máa tún un ṣe, kò sì pe títún un ṣe ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹnì kan lè fèsì pé orí inú ni ìtàn yẹn ń sọ, ẹ̀rọ ìlu kò sì lè dé ibẹ̀, nítorí náà kí la ń jiyàn lé lórí? Èsì yẹn ti yá jù lójú tèmi. Lọ́jọ́ tí a bá ń bọ orí, iwájú orí tí ojú rí tí ọwọ́ kàn ni à ń fi omi tútù àti obì kàn. Orí òde ni ojúbọ orí inú. Ẹni tó bá fojú di ojúbọ, tó sì ní òun kò ṣe nǹkan kan fún òrìṣà, ẹ̀tàn ló ń tan ara rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀wọ̀ wà fún eegun náà.

Irú ọ̀wọ̀ wo wá ni? Ẹ wo ìdóṣù, ibi tí orí ti ga jù lọ nínú ẹ̀sìn òrìṣà. Nígbà tí wọ́n bá ń dóṣù fún ìyàwó òrìṣà, abẹ ni wọ́n fi ń fá orí rẹ̀ kodoro, abẹ ni wọ́n sì fi ń sín gbẹ́rẹ́ sí àtàrí rẹ̀ kí wọ́n tó fi oògùn lé e. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ kò jẹ́ kí àṣà yìí parun: wọ́n ń ṣe é ní Brazil nínú Candomblé, wọ́n ń ṣe é ní Cuba, awọ orí ni wọ́n sì ń fi abẹ kàn níbẹ̀ náà títí dòní. Bó bá jẹ́ èèwọ̀ ni kí irin kan orí, àwọn tó bọ̀wọ̀ fún orí jù lọ ni ìbá kọ́kọ́ jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n ka léèwọ̀ ni kí irin kàn án nígbàkigbà, lọ́nàkọnà, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ dóṣù ti gbà kí wọ́n ṣe é. Ẹni tó ń sín gbẹ́rẹ́ ti kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ara rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ mọ́. Kò gé ju ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ń tọ́jú orí náà, wọn kì í jẹ́ kí oòrùn pa á. Ọ̀rọ̀ yìí sì lè bọ́ sí ojú ẹni gan-an, nítorí láti ọdún 2014 ni ìjọba Brazil ti fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n ń dè mọ́ eegun kún ohun tí ètò ìlera gbogbogbòò ilẹ̀ wọn ń pèsè. Adóṣù tí etí rẹ̀ dí lè dé iwájú dókítà pẹ̀lú orí kan náà tí wọ́n ti fi fún òrìṣà. Ohun tó yẹ kó béèrè ni bóyá ọwọ́ tó fẹ́ lu orí òun ní ìkóra-ẹni-níjàánu tí ọwọ́ ìyálórìṣà ní.

Fún ìgbà pípẹ́, kò ní in. Ní àwọn ẹ̀wádún àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà, ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ni pé ẹran tó yí ìṣó ká ni ọ̀tá. Wọ́n ní bí awọ bá nípọn, á máa rìn síwá sẹ́yìn lára ìṣó, kòkòrò á sì rí ọ̀nà wọlé. Bí irun bá hù níbẹ̀, ìdọ̀tí á kóra jọ. Nítorí náà wọ́n á ṣí awọ bí ẹni ṣílẹ̀kùn, wọ́n á fá ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n á gé gbòǹgbò irun dànù, nígbà mìíràn wọ́n á tilẹ̀ bó awọ fẹ́lẹ́ láti ibòmíràn wá lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣe irinṣẹ́ pàtàkì kan fún bíbó awọ náà. Ohun tó kù fún aláìsàn ni ojú àpá ńlá kan tí irun kò ní hù sí mọ́, tí ó jìn wọnú, tí ó sì kú tipiri bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Nígbà mìíràn awọ tí wọ́n lẹ̀ yẹn á kú, ọgbẹ́ á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ ohun tó jọ ọ́ ni wọ́n ń ṣe, pẹ̀lú èrò rere. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n wá dín in kù: wọ́n fi ìlà kan ṣoṣo rọ́pò ilẹ̀kùn, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gé ẹran abẹ́ awọ. Lẹ́yìn náà, ní 2011, Malou Hultcrantz ní Stockholm tẹ àbọ̀ iṣẹ́ kan jáde níbi tí wọn kò ti gé ẹran kankan kúrò. Wọ́n la awọ, wọ́n fi ìṣó tí ọrùn rẹ̀ gùn sí i kí ó lè yọ jáde lára awọ tó nípọn, wọ́n sì dá awọ padà bó ṣe wà. Bí ẹ̀rù àwọn àgbà iṣẹ́ yẹn bá tọ́, ńṣe ni ibẹ̀ yẹ kó máa jẹrà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbẹ́ tètè jiná, irun hù, ibẹ̀ ń mọ nǹkan lára, ìnira awọ kò sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn mìíràn tún ṣe é níbòmíràn, wọ́n rí irú àbọ̀ kan náà, ọ̀nà yẹn ló sì wá gbilẹ̀. Ẹran tí wọ́n pè ní ọ̀tá, òun ló ń dáàbò bo ibẹ̀.

Eegun ti kọ́ wọn ní tirẹ̀ ṣáájú awọ. Ní àwọn ọdún 1950, olùṣèwádìí Per-Ingvar Brånemark ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú eegun ẹsẹ̀ ehoro. Ó fi ohun èlò títáníọ́mù kan síbẹ̀, nígbà tó fẹ́ yọ ọ́ padà, kò yọ. Eegun ti hù mọ́ ọn. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé eyín àtọwọ́dá, tí ó kọ́kọ́ fi sí ẹnu èèyàn ní 1965, láti ibẹ̀ náà ni òun àti Tjellström ti dé ẹ̀yìn etí. Ṣùgbọ́n eegun kì í gba ìṣó tí a fi ìkánjú fún un. Ní 1983, àwọn olùṣèwádìí Eriksson àti Albrektsson fi hàn lára ehoro pé bí eegun bá gbóná dé ìwọ̀n 47 ti Celsius fún ìṣẹ́jú kan péré, agbára rẹ̀ láti hù padà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ tó bá kojú omi gbígbóná tó bẹ́ẹ̀ ṣì lè fara dà á, eegun kò lè fara dà á. Ẹ wá wo ohun tí dókítà tó mọṣẹ́ ń ṣe. Ó fi gègé sàmì sí ibi tó tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 5.5 sẹ́yìn ihò etí, kí ẹ̀rọ má baà máa gbún etí tàbí ọwọ́ awò ojú. Kó tó fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ̀ ọ́n lára, ó ti fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín wọn bí awọ ṣe nípọn tó, nítorí oògùn náà á mú awọ wú, ìwọ̀n á sì ṣì. Ó la awọ, ó ká awọ pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ eegun kúrò, ó sì lu eegun dé mìlímítà 3. Ó dúró. Ó tẹ ìsàlẹ̀ ihò náà wò bóyá eegun ṣì wà níbẹ̀ tàbí ó ti kan awọ tó bo ọpọlọ. Bí eegun bá wà, ó lù ú dé 4. Bí kò bá sí, kò lọ síwájú mọ́. Omi iyọ̀ ń ṣàn sórí ẹnu ẹ̀rọ náà ní gbogbo ìgbà tó ń yí. Nígbà tó bá kan ìṣó gan-an, ẹ̀rọ á wá máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń yí i sì kéré fún eegun ọmọdé ju ti àgbà lọ. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á dúró dè é, ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tó so ẹ̀rọ mọ́ ọn.

Ẹni tí kò gba èrò mi gbọ́ á sọ pé: gbogbo èyí kò jẹ mọ́ ọ̀wọ̀, àǹfààní ni wọ́n ń wá. Wọ́n dẹ́kun gígé ẹran nítorí pé àìgé rẹ̀ sàn ju gígé rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ gígé ló sàn jù, wọn ìbá máa gé e títí di òní. Àtakò yìí lágbára, n kò sì ní sọ pé àwọn ará Stockholm ń bọrí nígbà tí wọ́n ń la awọ. Ṣùgbọ́n kí ni à ń pè ní ọ̀wọ̀? Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rù tó ń mú ọkàn èèyàn wárìrì, kò sí níbẹ̀. Èmi gbà pé ọ̀wọ̀ ni kí n mọ̀ pé ohun tó wà níwájú mi ní ìwà tirẹ̀ kí n tó dé, kí n sì jẹ́ kí ìwà yẹn pààlà fún ọwọ́ mi. Ẹni tó wọn awọ kó tó fi oògùn sí i, tó dúró ní mìlímítà 3 láti tẹ ìsàlẹ̀ wò, pààlà yẹn ló ń tẹ̀ lé, ì báà jẹ́ àǹfààní ló rán an níṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé gígé kékeré nìkan ni mò ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn kan gbé ọ̀nà mìíràn jáde tí kò la awọ rárá: wọ́n á fi irinṣẹ́ ẹlẹ́nu róbótó gún awọ ní ihò tí kò ju mìlímítà 5 lọ, wọ́n á sì gba inú ọ̀pá kékeré lu eegun. Ó yá, àpá rẹ̀ kéré, ojú fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi í wé ọ̀nà onílà ní Netherlands, ìnira awọ kò pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ń mọ nǹkan lára dáadáa. Àmọ́ ìṣó tó já nínú rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ju ti èkejì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a lè fi dájọ́. Àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ náà tún ẹ̀rọ ìlu rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Ohun tó mú kí wọ́n fura ni pé omi kò rọrùn láti dé ìsàlẹ̀ ihò tó há, ojú dókítà kò sì rí eegun. Ihò tó kéré jù lè jẹ́ àìbìkítà fún eegun, gẹ́gẹ́ bí gígé púpọ̀ ṣe jẹ́ àìbìkítà fún awọ.

Ibi tí mo ti ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn jà nìyí: ìfẹ́ pé kí ohunkóhun má hàn. Ìṣó tó yọ jáde lára awọ kò dùn wò lójú àwọn kan, ó sì ń fẹ́ kí wọ́n máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ìdí rẹ̀ lójoojúmọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe gbé irú mìíràn jáde tí awọ bò pátápátá. Nínú ọ̀kan, mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú, òmíràn wà níta, wọ́n sì fi awọ sáàárín. Awọ náà ń bu ohùn kù, bí mágínẹ́ẹ̀tì bá sì fà jù, ó ń dun ibẹ̀, ó sì lè di egbò. Nínú òmíràn, ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n gan-an ni wọ́n ń sin sínú eegun. Bonebridge, tí ilé iṣẹ́ kan ní Austria gbé jáde ní 2012, fẹ́ ihò tó jìn tó mìlímítà 8.7 ní àkọ́kọ́. Wọ́n ti dín in kù sí 4.5 báyìí. Ẹ fi wé 3 tàbí 4 ti ìṣó kékeré. Eegun orí ọ̀pọ̀ èèyàn kò nípọn tó mìlímítà 8.7 ní ibi tó rọrùn, nítorí náà wọ́n ní láti yàwòrán agbárí ṣáájú, nígbà mìíràn wọ́n sì ń ti awọ ọpọlọ wọlé díẹ̀ kí ẹ̀rọ tó ráyè jókòó. Ìdí tó dára lè wà tí ẹnì kan fi yan èyí: awọ rẹ̀ kì í jiná bọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò lè máa fọ ìdí ìṣó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ nítorí kí ará àdúgbò má baà rí i ni, a ti gbẹ́ orí jìn kí a lè gbádùn ojú àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tó fi gèlè bo ẹ̀rọ ìta mọ́lẹ̀ kò ní jèrè púpọ̀ bákan náà, nítorí bí aṣọ bá fún mọ́ ẹ̀rọ náà, á máa súfèé. Ti àlùwàlá kò yẹ kó dààmú ẹnikẹ́ni: ẹ̀rọ ìta ṣeé yọ, omi sì lè kan awọ tó yí ìṣó ká.

Ọ̀rọ̀ àwọn adití fúnra wọn kù, òun ni mo kà sí jù. Wọ́n ní ẹ̀yin tó ń gbọ́ràn lẹ sọ pé àìgbọ́ràn jẹ́ àrùn. Àwa ní èdè tí a ń fọwọ́ sọ, a ní ẹgbẹ́, a ní ọgbọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ Andrew Foster kò ní jiyàn. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, àìsàn sọ ọ́ di adití nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, òun ló sì dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, lẹ́yìn èyí tó ti kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Ghana. Kò dúró de kí etí là kí ó tó di olùkọ́ni. Èsì mi apá méjì ni. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le jù nínú àríyànjiyàn yẹn, etí inú wọn ni kò ṣiṣẹ́, ìṣó inú eegun kò sì lè ṣe nǹkan kan fún wọn; ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n ń bá jà. Èkejì, mo gba kókó ọ̀rọ̀ wọn tọwọ́tẹsẹ̀: kò sí ẹni tó yẹ kí wọ́n lu orí rẹ̀ nítorí pé ojú ń ti àwọn ẹbí rẹ̀. Àgbàlagbà tó bá sọ pé kí wọ́n fi orí òun sílẹ̀ ti dáhùn fún orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti tán níbẹ̀.

Ọmọdé ni kò lè dáhùn. Ìgbàgbọ́ àkúnlẹ̀yàn ní ó ti yan nǹkan kan kó tó dé, àmọ́ kò sí èyíkéyìí nínú wa tó wà níbẹ̀, bàbá àti ìyá kò sì lè fi ohun tí wọn kò gbọ́ jẹ́rìí. Síbẹ̀, bí ọmọ kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ sí ìkẹta rẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ á ṣòro fún un, ìyẹn náà kò sì ṣeé dá padà. Ìdúró náà ní iye tirẹ̀. Ohun tó gbà wá lọ́wọ́ ìṣòro yìí ni ọ̀já rírọ̀ kan tí wọ́n ń so mọ́ orí ọmọ, tí ẹ̀rọ náà wà lára rẹ̀. Ó ń mi agbárí láti òde awọ, ọmọ oṣù mélòó kan lè lò ó, wọ́n sì lè tú u nígbàkigbà. Ohùn rẹ̀ kò tó ti ìṣó, ṣùgbọ́n ó tó láti fi kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń rí sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn níbẹ̀ kò fọwọ́ sí ìṣó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ara ìdí rẹ̀ ni pé eegun ọmọ kékeré fẹ́lẹ́, ó sì rọ̀. Bí mo bá jẹ́ agbani-nímọ̀ràn fún òbí, ọ̀já ni màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ lò, màá sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ títí ọmọ á fi lè sọ ohun tó ń fẹ́, bó bá tilẹ̀ ju ọdún 5 yẹn lọ díẹ̀. Nígbà tí ó bá sì wá tó àkókò, dókítà lè fẹ́ fi ìṣó méjì sí orí ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan fún ìlò, èkejì lábẹ́ awọ bí àpamọ́, nítorí ìṣó ọmọdé máa ń já ju ti àgbà lọ, ó sì sàn kí wọ́n má tún kùn ún lóorun. Àwọn kan á ní ihò kejì tí a kò tíì nílò ti pọ̀ jù fún orí. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Eegun ọmọ ló sọ pé òun lè má di ọ̀kan mú, wọ́n sì fetí sí i. Èyí tí n kò fara mọ́ ni pé kí ọmọ náà dàgbà, kó lọ́kọ tàbí láya, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún un pé ìṣó kejì wà nínú agbárí òun.